Àárẹ̀ tí oorun kò wò: Bí àwọn aláìsàn ṣe bá àwọn olùwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fa ọ̀rọ̀

Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Edinburgh, lórílẹ̀-èdè Scotland, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń retí tipẹ́tipẹ́. DecodeME ni wọ́n pe ìwádìí náà. Wọ́n yẹ DNA àwọn ènìyàn 15,579 tó ní àìsàn ME wò, wọ́n sì fi wé ti àwọn ènìyàn tó lé ní 259,000 tí kò ní in. Ibi mẹ́jọ ni wọ́n ti rí ìyàtọ̀, díẹ̀ nínú àwọn ibi náà ló sì ní í ṣe pẹ̀lú bí ara ṣe ń gbógun ti àrùn àti bí ọpọlọ àti iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tí kò mọ ìtàn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí lè béèrè pé kí ni ti ariwo. Ó ṣe tán, ìwádìí náà kò mú oògùn kankan jáde, kò sì tíì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tí dókítà lè fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n fún àwọn tí wọ́n ti ń sọ fún láti ọdún gbọọrọ pé èrò ọkàn wọn ló ń ṣe wọ́n, ibi mẹ́jọ nínú DNA kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ohun tó tún mú kí ìwádìí náà yàtọ̀ ni pé àwọn aláìsàn fúnra wọn wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀. Wọ́n dá sí ìbéèrè tí wọn yóò bi àwọn ènìyàn, wọ́n sì dá sí bí wọn yóò ṣe wá àwọn tí yóò kópa. Àwọn tó kópa kò sì ní láti kúrò nílé. Itọ́ ni wọ́n tu sínú ike kékeré kan, tí wọ́n fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ni kò lè jáde síta.

Kì í ṣe báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ rí.

ME jẹ́ àìsàn tí àwọn kan tún mọ̀ sí chronic fatigue syndrome, orúkọ tí àjọ CDC ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún un lọ́dún 1988. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló kórìíra orúkọ yìí. Wọ́n ní ta ni kì í rẹ̀ nílé ayé, àti pé ẹni tó bá gbọ́ "àárẹ̀" yóò rò pé kí ènìyàn sáà lọ sùn, bó bá jí, ó ti parí. Àìsàn ME kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní in lè sun oorun wákàtí mẹ́wàá kó sì jí bí ẹni pé kò sùn rárá. Ohun tó burú jùlọ níbẹ̀ ni pé bó bá ṣe iṣẹ́ díẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, bóyá ó wẹ̀, ó fọ orí, tàbí ó bá àlejò sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ara rẹ̀ lè dá wó ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tún gbérí. Àwọn tí tiwọn le jùlọ kì í kúrò lórí ibùsùn, wọn kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀, wọn kì í fẹ́ ariwo, oúnjẹ gan-an sì ń di ìṣòro fún wọn. Nínú oṣù Kejì ọdún 2015, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Institute of Medicine, fojú bù ú pé iye àwọn tó ní àìsàn náà lórílẹ̀-èdè yẹn wà láàárín 836,000 sí mílíọ̀nù 2.5, àti pé ìdá 84 sí 91 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni dókítà kò tíì sọ fún pé òun ló ń ṣe wọ́n.

Ọdún 1955 ni ariwo àìsàn náà kọ́kọ́ ta nílùú London. Ó bẹ́ sílẹ̀ lójijì ní ilé ìwòsàn Royal Free, àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní igba, tí nọ́ọ̀sì pọ̀ nínú wọn, ló sì dùbúlẹ̀, débi pé wọ́n ti ilé ìwòsàn náà pa láti oṣù Keje títí di oṣù Kẹwàá. Dókítà Melvin Ramsay, tó fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn aláìsàn náà, gbà pé àrùn inú ara ni. Lọ́dún 1969, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, to àìsàn náà mọ́ àwọn àrùn ọpọlọ àti iṣan. Àmọ́ ní 1970, àwọn dókítà onímọ̀ àrùn ọkàn méjì, McEvedy àti Beard, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn British Medical Journal pé ìpayà lásán tó ràn láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn ló ṣẹlẹ̀ ní Royal Free, wọ́n sì fi í ṣe ẹ̀rí pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kàn. Wọn kò yẹ ẹyọ aláìsàn kan wò kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ni wọ́n kà. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló sì tàn kálẹ̀ ju ti Ramsay lọ.

Láti ibẹ̀ ni èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ohunkóhun tó wù kó bẹ̀rẹ̀ àìsàn náà, ìbẹ̀rù iṣẹ́ àti ìdùbúlẹ̀ pẹ́ ni kò jẹ́ kó lọ. Wọ́n ní ara aláìsàn ti gbàgbé iṣẹ́ ni, àti pé bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀ kó yí èrò rẹ̀ padà, tí wọ́n sì ń fi eré ìmárale kún un ní díẹ̀díẹ̀, yóò gbádùn. Ó jọ ohun tó bọ́gbọ́n mu. Nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, níbi tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí èébú tó burú tó kí wọ́n pe ènìyàn ní ọ̀lẹ, èrò náà kò ní ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni.

Láti fi ìdí èrò yìí múlẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ìwádìí PACE sílẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn owó ìlú ni wọ́n ná sí i. Lára àwọn tó dáwó rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí owó ìrànwọ́ fún àwọn aláìlera, ìyẹn sì kọ àwọn aláìsàn lóminú, nítorí pé bí wọ́n bá sọ pé eré ìmárale ń wo àìsàn kan, kò ní ṣòro láti gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ̀ láti ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter White, Trudie Chalder àti Michael Sharpe ló ṣíwájú ìwádìí náà. Àwọn aláìsàn 641 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Gbogbo wọn ló ń rí dókítà. Apá kan kò gba ju ìyẹn lọ. Wọ́n fi ìmọ̀ràn lórí bí ènìyàn ṣe ń fi ọgbọ́n ná okun ara rẹ̀ kún ti apá kejì, ìtọ́jú onífọ̀rọ̀wérọ̀ tó ń tún èrò ọkàn ṣe kún ti apá kẹta, àti eré ìmárale tó ń le sí i díẹ̀díẹ̀ kún ti apá kẹrin. Nínú oṣù Kejì ọdún 2011, The Lancet gbé e jáde pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti eré ìmárale ló ṣiṣẹ́ jù, wọn kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Àwọn ìwé ìròyìn ìlú gbé e káàkiri. Nígbà tó di 2013, àwọn olùwádìí náà kọ̀wé mìíràn pé ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtọ́jú méjèèjì yìí ló gbádùn pátápátá.

Àwọn aláìsàn kan ò gbà. Wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ló di ìjà. Wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ tí àwọn aláìsàn wò ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí ara rẹ̀ ti yá. Ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń bi ènìyàn nípa ohun tí ara rẹ̀ lè ṣe, bíi kó gun àtẹ̀gùn tàbí kó gbé ẹrù ọjà, máàkì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo dé ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá gba 65 tàbí tó kéré sí i ni àìsàn rẹ̀ le tó láti wọ inú ìwádìí náà. Nínú ètò tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2007, ẹni tó bá dé 85 ni wọn yóò kà sí ẹni tó gbádùn. Nígbà tí àbájáde yóò fi jáde, 85 ti di 60. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹni tó wọlé pẹ̀lú 65, tó sì jáde pẹ̀lú 60, tí ara rẹ̀ burú ju bó ṣe wọlé lọ, ti yege nínú ọ̀kan lára àwọn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ pé ènìyàn ti gbádùn. Kódà, àwọn kan wà tí wọ́n ti yege nínú òṣùwọ̀n kan bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gba ìtọ́jú kankan rárá.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bí ìwádìí náà ṣe ń lọ lọ́wọ́, ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, àwọn olùwádìí fi ìwé ìròyìn kékeré kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kópa, níbi tí àwọn kan ti ń yin ìtọ́jú tí wọ́n gbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdáhùn àwọn aláìsàn fúnra wọn nípa bí ara ṣe rí lára wọn ni wọ́n fi ń wọn àbájáde. Ẹ̀rọ kékeré tí wọn ìbá fi ka bí ènìyàn ṣe ń rìn tó lójoojúmọ́, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ohun tí wọn yóò fi wọn àbájáde. Ibi tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ wọn nǹkan, èsì ibẹ̀ kò tó nǹkan: lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó ṣe eré ìmárale lè rin mítà 379 ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, ohun tí ẹni tí ara rẹ̀ dá yóò ti kọjá dáadáa. Àwọn tó gba ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kò rìn ju àwọn tí kò gbà á lọ ní ohun tó ṣe é kà sí. Àwọn olùwádìí fèsì pé àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ló fọwọ́ sí àyípadà tí wọ́n ṣe, àti pé wọn kò tíì wo àbájáde rárá nígbà tí wọ́n ṣe é. Wọ́n dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ nígbà tí àwọn aláìsàn ní kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ jáde kí gbogbo ayé lè ṣírò rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, aláìsàn kan láti ilẹ̀ Australia lo òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba, ó sì kọ̀wé sí Queen Mary University of London, tó ni ìwádìí náà. Yunifásítì kọ̀. Ọ̀gá àgbà tó ń rí sí òfin náà ní kí wọ́n kó o jáde, yunifásítì pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sì ná nǹkan bí 250,000 pọ́n-ùn lórí lọ́yà. Lára ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn aláìsàn wọ̀nyí jẹ́ jàgídíjàgan tó ń dún kokò mọ́ àwọn olùwádìí. Ìgbìmọ̀ adájọ́ wo ọ̀rọ̀ náà títí, wọ́n ní àsọdùn ni, àti pé ẹ̀rí kan ṣoṣo tí wọ́n rí ni ti ẹnìkan tó pariwo mọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbi àpérò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, wọ́n dá yunifásítì lẹ́bi. Àkọsílẹ̀ jáde nínú oṣù Kẹsàn-án.

Ìṣirò tí àwọn aláìsàn àti àwọn onímọ̀ jọ ṣe, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2017, tẹ̀lé òṣùwọ̀n tí àwọn olùwádìí fúnra wọn kọ́kọ́ là kalẹ̀. Ìdá 22 ti di ìdá 7 fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ó sì di ìdá 4 fún eré ìmárale. Àwọn tí kò gba ju ìtọ́jú dókítà lásán lọ gba ìdá 3. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò pọ̀ tó láti sọ pé kì í ṣe orí ire lásán. Àwọn olùwádìí fúnra wọn sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2015 pé nígbà tí ọdún méjì àbọ̀ kọjá, ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di ọgbọọgba.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé àwọn aláìsàn ME kò fẹ́ gbọ́ òtítọ́ tí kò bá dùn mọ́ wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Norway kò gbe ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn. Àwọn dókítà onímọ̀ jẹjẹrẹ méjì ní ìlú Bergen, Øystein Fluge àti Olav Mella, ṣàkíyèsí pé oògùn jẹjẹrẹ kan tó ń jẹ́ rituximab dà bí ẹni pé ó ń ran àwọn tó ní ME lọ́wọ́. Ìwádìí kékeré tí wọ́n fi ọgbọ̀n ènìyàn ṣe, tó jáde ní 2011, mú ìrètí wá. Àwọn aláìsàn dáwó jọ láti ilẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n lè ṣe èyí tó tóbi. Wọ́n ṣe é, àwọn ènìyàn 151 ló kópa, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2019: oògùn náà kò ṣe ju omi lásán lọ. Ìdá 26 nínú àwọn tó gba oògùn ni ara wọn fúyẹ́, ìdá 35 nínú àwọn tí kò gbà á. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn aláìsàn dé egungun, ṣùgbọ́n wọn kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ìwádìí tó wọn ohun tó yẹ kó wọ̀n, tó sì sọ ohun tó rí, ni wọ́n ń bèèrè látilẹ̀wá.

Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ohun tó sì ń dun àwọn aláìsàn jùlọ ni àwọn tí eré ìmárale yìí dá sọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ ME Association ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bi àwọn ènìyàn léèrè, èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015 ni pé ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe é ló sọ pé àìsàn wọn burú sí i. Òótọ́ ni pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní àbùkù tirẹ̀, torí ẹni tí nǹkan kò dára fún ló sábà máa ń yára dáhùn. Ṣùgbọ́n PACE náà kò lè sọ ohunkóhun nípa àwọn tí tiwọn le jùlọ, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ kópa ní láti lè dé ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò lè dìde lórí ibùsùn kò sí nínú ìṣirò.

Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2018, aṣòfin Carol Monaghan dìde nílé ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní bí gbogbo àṣírí ìwádìí náà bá hàn síta, wọn yóò kà á mọ́ àwọn ìtìjú ńlá ìmọ̀ ìṣègùn ní ọ̀rúndún yìí. Àjọ CDC ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti yọ ìtọ́jú méjèèjì kúrò nínú ìmọ̀ràn tirẹ̀ ní 2017. Àjọ NICE, tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú kalẹ̀ fún àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ti dámọ̀ràn ìtọ́jú méjèèjì láti 2007, kó ìgbìmọ̀ tuntun jọ tí àwọn aláìsàn wà nínú rẹ̀. Ìwé tuntun ìbá jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àmọ́ ó ku ọ̀la ni wọ́n dá a dúró, nítorí àwọn àgbààgbà dókítà kan fárí gá. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ló tó jáde. Eré ìmárale tó ń le sí i díẹ̀díẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti fi ran ènìyàn lọ́wọ́ láti fara da àìsàn, kì í ṣe láti fi wò ó. Peter White àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lọ́dún 2023 pé NICE ṣi ẹ̀rí wò.

Ìjà kò sì tíì tán. Nínú oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ NIH ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìwádìí tó jinlẹ̀ jáde lórí aláìsàn 17, ó rí ìyàtọ̀ nínú ọpọlọ àti nínú ohun tó ń gbógun ti àrùn, ṣùgbọ́n ó tún lo gbólóhùn kan tó túmọ̀ sí pé àwọn aláìsàn ń yàn láti má sapá. Àwọn aláìsàn ní àwọn ti gbọ́ ìyẹn rí. Nínú oṣù Kejìlá ọdún kan náà, àjọ Cochrane, tó ti ṣèlérí láti 2019 pé àwọn yóò tún àyẹ̀wò àwọn ẹ̀rí eré ìmárale ṣe pẹ̀lú àwọn aláìsàn lára ìgbìmọ̀, kéde pé àwọn ti pa iṣẹ́ náà tì.

Ọ̀rọ̀ náà ti gba ẹ̀mí. Ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún 27 kan kú ní àgbègbè Exeter nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2021 nítorí àìrí oúnjẹ jẹ tó nípasẹ̀ ME tó le, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á sí ilé ìwòsàn nígbà mẹ́ta lọ́dún yẹn. Adájọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba ní 2024 pé kò sí ibùsùn kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Nígbà tí ìjọba gbé ètò rẹ̀ lórí ME jáde ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn ẹgbẹ́ aláìsàn ní owó ìwádìí inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ibi kan tún wà tí ìwádìí DecodeME gan-an kò dé. DNA àwọn tó wá láti ìran ilẹ̀ Europe nìkan ni wọ́n ṣírò mọ́ àbájáde tí wọ́n gbé jáde. Ìwádìí mìíràn láti Edinburgh lọ́dún 2025, tó fojú bu iye àwọn tó ní ME ní ilẹ̀ England sí nǹkan bí 404,000, fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún tí dókítà fi máa ń sọ fún òyìnbó pé ME ló ń ṣe é ju àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham, tí kò lè dìde lọ síbi iṣẹ́, wà lára àwọn ẹ̀yà mìíràn yẹn. Kò sì sí ẹ̀rí pé àìsàn náà ń yan òyìnbó láàyò. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Leonard Jason àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn ará Chicago léèrè ní 1999, nǹkan bí ìdá 0.42 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in. Nígbà tí òun, Mary Gloria Njoku àti Susan Torres-Harding wo ènìyàn 1,500 ní Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2007, ìdá 0.68 ni. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ibà, taifọ́ọ̀dù, ìṣẹ́ àti àìtó ilé ìwòsàn wà lára ohun tó fà á. Ẹni tó bá lọ sọ fún dókítà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta pé ó ń rẹ òun láti oṣù mẹ́fà, oògùn ibà àti ti taifọ́ọ̀dù ni yóò kọ́kọ́ gbé délé.